Níbi Tí Yanrìn Odò Volta Há Sí

Bí èèyàn bá ti kúrò ní bọ́dà Aflao, tó kọ ẹ̀yìn sí Lómé, tó sì yà sí ọ̀nà etíkun tó lọ sí Keta, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, títì ọlọ́dà kan ṣoṣo ló gba àárín wọn kọjá. Níbi tó tín-ín-rín jù, ẹni tó jókòó sínú mọ́tò lè rí omi méjèèjì láì yí ọrùn.

Ọmọ Ewe ni awakọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti gbé Àjẹgúnlẹ̀ rí, ó sì gbọ́ Yorùbá tó èyí tó lè fi bú èèyàn àti èyí tó lè fi bẹ èèyàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní, ó sì nàka sójú omi, níbi tí mi ò ti rí ohunkóhun ju ìgbì lọ. "Ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá tó bí ìyá mi wà. Ọjà ló wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀nà tún wà lẹ́yìn ọjà." Kò fi ohùn arò sọ ọ́ rárá. Ńṣe ló ń júwe àdúgbò fún àlejò.

Odò Volta ló gbé mi dé apá ibẹ̀. Mo fẹ́ tọ̀ ọ́ láti ẹnu rẹ̀, níbi tó ti ń wọ òkun, lọ sókè títí dé ibi tí wọ́n ti dí i ní Akosombo. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló máa ń ti ọ̀dọ̀ dáàmù bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni fọ́tò ti máa ń dára. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí dáàmù ṣe, ìsàlẹ̀ odò ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò fojú kan dáàmù náà rí.

Ní Keta, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú àlejò lọ wò ni ilé olódi Prinzenstein, tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784. Wọ́n kó ẹrú pamọ́ síbẹ̀ nígbà ayé òwò ẹrú, ìjọba amúnisìn sì sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Apá kan ilé náà ṣì dúró. Apá kejì ti bá òkun lọ. Ògiri tó nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ ya sí méjì, ó ṣe pẹrẹsẹ sórí yanrìn, ewé òkun sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ó rọrùn kéèyàn wo ògiri yẹn, kó sì ní dáàmù ló fà á. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Òkun ti ń jẹ Keta láti ayé àwọn amúnisìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì da kọnkéré kankan sí Akosombo. Iyanrìn lásán ni ìlú náà jókòó lé lórí. Òkun ló kó o jọ, òkun náà ló ń kó o lọ. Ohun tí dáàmù ṣe ni pé ó gba ohun tí òkun ì bá fi dá díẹ̀ padà.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti máa ń wá bá etíkun wa, láti Gánà títí dé Èkó. Kì í wá tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbá ilẹ̀. Bó ṣe ń gbá a, bẹ́ẹ̀ ló ń ti yanrìn lọ sápá ìlà-oòrùn, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn tó wà níwájú ilé rẹ lónìí yóò wà níwájú ilé aládùúgbò rẹ tó bá yá. Kò sí láburú nínú ìyẹn bí òmíràn bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Volta ni baba ìsàlẹ̀ fún gbogbo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò yìí fẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì wà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Gánà, Burkina Faso, Tógò, Benin, Mali àti Côte d'Ivoire. Ẹrẹ̀ àti yanrìn gbogbo ilẹ̀ yẹn ni odò fi mọ etíkun Keta, tí òkun sì ń bù nínú rẹ̀ fún Lómé, fún Aného, fún Grand-Popo, títí wá sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí dáàmù dé, ẹrù yẹn há sẹ́yìn ògiri, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Òkun kò dúró bèèrè ibi tí ọjà tuntun wà. Etíkun wá dà bí ọlọ́jà tí èrè rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tó wá ń jẹ ojú owó.

Ìjọba Gánà ṣe gudugudu méje láti gba Keta là ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rúndún yìí. Wọ́n na ògiri òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa yanrìn láti inú ọ̀sà jáde, wọ́n fi dí àárín wọn, wọ́n sì la títì tí àwa gbà kọjá yẹn, èyí tí òkun ti gé tẹ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Keta ṣì wà. Ṣùgbọ́n òkúta tó ń dá yanrìn dúró fún Keta, ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú ni. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn ni mo ti rí i: ilé tó kù ẹyọ ògiri kan, igi àgbọn tí gbòǹgbò rẹ̀ wà níta gbangba.

Ọmọ Èkó tó bá dé ibẹ̀ kò nílò olùkọ́. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn na ògiri òkúta wọ òkun ní ẹnu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọlé. Yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ bá gúnlẹ̀ sẹ́yìn òkúta, etíkun apá ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i, òkun sì kọjú sí Bar Beach ní apá kejì, ó ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà wá, títí wọ́n fi wá kọ́ ògiri Eko Atlantic síbẹ̀. Òkun kan náà ni, yanrìn ìdílé kan náà ni.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ilé olódi bi mí bóyá Àlàtá ni mí. Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà nìyẹn. Ó ní Àlàtá ló ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti díńgí ní iwájú ilé wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wọ́n sì lọ lójijì. Ọdún 1969 ló ń sọ, nígbà tí ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kúrò nílùú. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Àlàtá ni mí. Ó fi ẹja kan kún èyí tí mo rà. "Àwọn èèyàn yín lọ," ó ní, "ilé tí wọ́n háyà náà sì tẹ̀ lé wọn."

Kò sí ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn.

Anloga kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Àlùbọ́sà eléwé ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, lórí ebè kéékèèké nínú yanrìn, ẹ̀yìn ọ̀sà títí dé etí títì, ó tò lẹ́sẹẹsẹ tó fi wu ojú. Àwọn Ewe apá ibí, Anlo ni wọ́n, gbàgbọ́ pé Notsé ní Tógò làwọn ti wá, ìtàn mìíràn sì ní kí wọ́n tó dé Notsé, Kétu ni, Kétu tiwa tó wà ní Benin lónìí. Mi ò wá síbẹ̀ láti dá ẹjọ́ ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan tó ń gbọ́ ti Afa, Ifá tiwọn, lẹ́bàá ọ̀nà, mo mọ̀ pé n kò jìnnà sílé.

Anyanui ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti odò. Títì parí sínú ọjà, ọjà parí sínú omi. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ ojú omi máa ń so mọ́ra wọn débi pé èèyàn lè gba orí wọn rìn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lójú ni igi ìdáná, òkìtì lórí òkìtì, pupa rúsúrúsú níbi tí àdá ti gbà á. Igi ẹ̀gbà ni, igi tó ń hù sínú omi iyọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ara ìtì yọ, tó ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ wọ inú ẹrẹ̀. Kò sí igi tí àwọn tó ń yan ẹja fẹ́ràn tó o. Ó ń jó pẹ́, kì í sì í ṣèéfín jù.

Mo háyà ọkọ̀ kan láti Anyanui lọ sí Ada. Wọ́n ní kí n máa pe ọlọ́kọ̀ náà ní Efo, bí àwọn Ewe ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a dé inú odò tóóró kan, ó sì ń fi ọ̀pá tì wá lọ, nítorí pé omi ń fà, ìsàlẹ̀ sì ti sún mọ́ òkè.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí òkun bá ti ń fà, omi inú àbàtà náà ń tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ sì ń yọ jáde lábẹ́ igi, dúdú, ó ń dán, ó ń ta kókó bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde lára rẹ̀. Akàn kéékèèké tí apá wọn kan tóbi ju èkejì lọ yọ síta, wọ́n ń ju apá. Ẹja kan tó ń fi lẹbẹ rìn lórí ilẹ̀ fò mọ́ gbòǹgbò. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, òkun á tún kún, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sábẹ́ omi. Ìgbà tí omi bá dúró díẹ̀ kó tó yí padà ni gbòǹgbò ń ṣiṣẹ́: omi kò lè sáré láàárín wọn, ẹrẹ̀ tó gbé wá sì rọlẹ̀. Èyí tó rọlẹ̀ lóòjọ́ kò nípọn ju bébà lọ. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé ilẹ̀ náà, torí pé ilẹ̀ àbàtà kì í dúró sójú kan. Ó ń rì lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀, òkun náà sì ń ga sí i láyé tí à ń gbé yìí. Bí ẹrẹ̀ tuntun kò bá tó èyí tó ń rì, omi á borí gbòǹgbò tipátipá, igi á kú nídùúró.

Efo fi ọ̀pá rẹ̀ gún bèbè kan fún mi. Bèbè náà ti ya, ó dúró ṣánṣán, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, irun gbòǹgbò sì ń fì nínú afẹ́fẹ́. Igi ẹ̀gbà mẹ́ta ti fi orí lélẹ̀ sínú omi, ewé wọn ṣì tutù. "Tẹ́lẹ̀, bèbè máa ń jáde wá bá ọkọ̀ ni," ó ní. "Ní báyìí, ọkọ̀ ló ń wọlé lọ bá a."

Mo bi í nípa àwọn agégi. Mo rò pé yóò bú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà gégi, pé bàbá òun kò gégi rí ní tirẹ̀. Inú àwọn odò tóóró wọ̀nyí ni bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Omi ńlá á kún wọn lọ́dọọdún, ẹja á wọlé, omi á fà, ẹja á há síbẹ̀, wọn a sì dí ẹnu rẹ̀, wọn a kó o. Ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láì ra ajílẹ̀. Nígbà tí omi ńlá kò wá mọ́, odò tóóró dí, koríko bò ó, àwọn èèyàn sì kọjú sí ohun tó ṣẹ́ kù, ìyẹn igi. Wọ́n ń gbin ẹ̀gbà báyìí bíi kòkó. Wọ́n á dúró ọdún mẹ́wàá ó lé, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un gbìn. Ẹni tó bá ń wàásù fún wọn pé kí wọ́n má gégi, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó máa gé e.

Ọ̀rọ̀ omi ńlá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí dáàmù tó dé, ìgbà méjì ni Volta ní. Bó bá di oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, òjò ilẹ̀ òkè á dé, odò á ya bo ilẹ̀, omi rẹ̀ á pọ́n fún ẹrẹ̀, á sì ti omi iyọ̀ padà sínú òkun. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, odò á tín-ín-rín débi pé omi òkun á máa yọ́ gòkè wá, iyọ̀ á dé ibi tó jìnnà sókè. Adùn àti iyọ̀ ń pín ọdún láàárín ara wọn. Dáàmù kò lè fi irú odò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tan iná kì í tan án ní oṣù méjì péré. Ó wá sọ odò di ọ̀kan náà láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé oṣù Ọ̀pẹ, nǹkan bí 1,000 mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Omi kò pọ̀ jù, kò kéré jù, kò sì ní iyọ̀.

Wọ́n máa ń rò pé omi dídùn lọ́dún yípo jẹ́ àǹfààní. Ó ṣe àǹfààní fún ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń pa tẹ́lẹ̀. Ó ṣe àǹfààní fún ewéko omi tó bo odò débi tí ọkọ̀ kò fi ráyè kọjá. Àrùn náà gbilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn dáàmù, ó sì mú àwọn ọmọdé jù.

A yọ sí ẹnu odò ní ọ̀sán. Ní Ada Foah, àwọn olówó Accra kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí etí omi, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń sáré kiri. Ní iwájú, Volta dé òkun, ó sì yani lẹ́nu pé kò ní agbára. Yanrìn tẹ́ gbọọrọ dí ẹnu rẹ̀, ìgbì ń fọ́ lé e lórí. Etíkun kò rí yanrìn, ẹnu odò ń kún fún yanrìn! Kò ta kora bó ṣe jọ. Òkun ló ń ti èyí wọlé, omi ńlá tó máa ń gbá a jáde lọ́dọọdún kò sì wá mọ́. Ní nǹkan bí 1990, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti máa gbẹ́ ẹnu odò náà kí omi iyọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé, kó sì lé ìgbín àti ewéko. Ohun tí odò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń san owó epo fún.

Efo fi Fuveme hàn mí láti òkèèrè, lórí ahọ́n yanrìn tó wà láàárín odò àti òkun. Ìlú apẹja ni. Láàárín 2016 sí 2017, òkun wó ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ohun tí mo rí kò tó ohun tí mo lè pè ní ìlú.

Bí èèyàn bá ti ẹnu odò gòkè padà, Sogakope ló ti gbọ́dọ̀ jẹun. Bí mọ́tò bá ti ń sún mọ́ afárá, àwọn obìnrin á sáré yí i ká, búrẹ́dì lórí, igi ẹran lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹran màlúù ló wà lórí igi náà. Adodi ni, ẹran omi kan tó ń gbé inú ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Galatea paradoxa. Wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń bu ata gbígbẹ lé e. Ó le díẹ̀ lẹ́nu, ó dùn, ó sì ní òórùn odò. Mo jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin ló ń wá a láti ayébáyé. Dada kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ní Ewe, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìkarahun tó ga jù ú lọ. Ó ti dẹ́kun iṣẹ́ náà. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ó ní omi ló dí i. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: a mí kanlẹ̀, a gba inú omi lọ, a fi ọwọ́ tú yanrìn ìsàlẹ̀, a kó o sínú àpò tó wà ní ìbàdí. Wọ́n máa ń mú èyí tó kéré, wọ́n á gbìn ín sí ibi tí omi kò jìn, wọ́n á fi igi sààlà rẹ̀, ó di oko. Ẹnì kan kì í wọ oko ẹlòmíràn lábẹ́ omi. Ìkarahun náà kì í ṣòfò: wọ́n ń sun ún di ẹfun fún ògiri, wọ́n ń lọ̀ ọ́ fún adìyẹ, wọ́n sì ń dà á mọ́ kọnkéré.

Nígbà tí Dada wà lọ́mọge, àwọn obìnrin ìlú òkè, lọ́nà Akuse, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ adodi kò lè yè nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, iyọ̀ púpọ̀ sì tún ń pa á. Ààlà tí iyọ̀ díẹ̀ ti pàdé adùn ló ń wá. Nígbà tí dáàmù ti ààlà yẹn sísàlẹ̀, adodi tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tẹ̀ lé adodi. "A kó lọ sí Ada," ó ní. "Wọ́n ń pè wá ní àlejò nínú odò tiwa." Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà dé, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ ẹnu, wọ́n ń wà lábẹ́ omi títí tó bá wù wọ́n. Dada kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. "Ẹni tí kò gòkè wá mí," ó ní, "kì í mọ ìgbà tó tó."

Láti Sogakope, mo kọjá afárá, mo gba apá kejì odò lọ sí Mepe. Ilé tuntun àti ilé tó ya dúró pọ̀ níbẹ̀, ìlà omi sì wà lára ògiri, òkè fèrèsé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, adágún ẹ̀yìn dáàmù kún dé ẹnu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Akosombo àti ti Kpong kí dáàmù má bàa ní ìṣòro. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, omi ti bo Mepe àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Tongu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sùn sí ilé ẹ̀kọ́ àti àgọ́. Ẹni tó ń gbé Ìṣẹrí lẹ́bàá odò Ògùn, tó máa ń gbọ́ ìkìlọ̀ ọdọọdún nítorí dáàmù Ọ̀yán, mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Mo bi àgbẹ̀ kan ní Mepe ìbéèrè tí mo ti ń gbé kiri láti Anyanui. Ṣé omi yẹn kò ṣe oko ní oore kankan, bí omi ayé àwọn bàbá wọn? Ó wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Omi náà mọ́," ó ní. "Ó gbé ilẹ̀ wa lọ, kò gbé ilẹ̀ kankan wá."

Gbólóhùn yẹn tó mi. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní omi ńlá, omi àti ilẹ̀ ni. Èyí tó ti inú adágún jáde ti sinmi pẹ́, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ti rọlẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí Mepe. Bó sì ti jáde láìru ẹrù, ńṣe ló ń wá ẹrù tuntun lára bèbè tó bá kọjá. Bí dáàmù bá ń tú omi sílẹ̀ lọ́dọọdún láti òní lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò á rí ìyà omi ńlá ọdún náà lọ́hùn-ún, wọn ò ní rí oore rẹ̀.

Akosombo lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Òkè méjì súnmọ́ra, wọ́n kó òkúta dí àárín wọn, ó ga ju 110 mítà lọ, adágún sì tẹ́ lọ sẹ́yìn títí ojú fi kù. Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ ni 1965; Ààrẹ Nkrumah ṣí i ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1966, àwọn ológun sì gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Èrèlé. Adágún náà fẹ̀ tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nǹkan bí 80,000 èèyàn ló kúrò lórí ilẹ̀ tí omi bò, wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun 52 fún wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí wà nínú gbogbo ìwé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, tí omi kò bo ilé wọn, tó jẹ́ pé àìsí omi ló lé wọn, kò sí ìlú tuntun fún wọn. Dzodzi Tsikata, onímọ̀ ọmọ Gánà, kọ ìwé ńlá kan nípa wọn ní 2006. Ó ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ apẹja Tongu ṣe kó lọ sí etí adágún gan-an, wọ́n lọ ń pẹja nínú omi tó gba iṣẹ́ wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àlejò kiri mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ka ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń yí, 1,020 mẹ́gáwáàtì lápapọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù ní Tema tó jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́, àti iná tí wọ́n ti ń tà fún Tógò àti Benin láti 1972. Ìyẹn mú mi rántí pé iná tó tàn ní Kọ̀tọ̀nú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń fi ránṣọ níbẹ̀, yanrìn Keta wà nínú owó rẹ̀. Mo bi í nípa ẹrẹ̀: ṣé kò ní kún adágún lọ́jọ́ kan? Ó ní kò sí ewu, adágún tóbi jù, ẹrẹ̀ kì í sún mọ́ dáàmù, òkè lọ́hùn-ún ló ti ń rọlẹ̀, níbi tí àwọn odò ti ń wọlé. Òótọ́ ló sọ. Adágún náà gùn tó 400 kìlómítà. Fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ìròyìn ayọ̀ ni. Fún Anyanui, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ wọn wà ní apá àríwá Gánà, lábẹ́ omi, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kankan lára ògiri tó lè mú un jáde.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè tún ìṣàn odò náà ṣe, kí wọ́n máa tú omi púpọ̀ sílẹ̀ nígbà òjò, kí wọ́n dín in kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó lè mú iyọ̀ padà sí ààyè rẹ̀, ó lè gbá yanrìn ẹnu odò Ada jáde, inú Dada tí etí rẹ̀ dí á sì dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá jẹ́ iná tí kò ní tàn, ìlú tó sì ti ń jókòó sókùnkùn nígbà tí wọ́n ń pa iná ní ìpín-ìpín kò ní fara mọ́ ọn wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, omi mímọ́ ni yóò ṣì jáde. Yanrìn kò sí nínú ìṣirò náà.

Torí náà, ó dà bíi pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ wà: kí wọ́n dá àwọn tó ń fi tipa kó yanrìn etíkun kọ́lé dúró, kí wọ́n máa fi yanrìn tí wọ́n ń gbẹ́ ní ẹnu odò bọ́ etíkun tí ebi ń pa, kí wọ́n sì san owó fún ẹni tó gbin ẹ̀gbà tí kò gé e. Gbogbo rẹ̀ ló lówó nínú, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa wáyé lọ́dọọdún títí dáàmù fi wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé kúrò ní Akosombo ni ti ẹni tí yóò san án. Ẹni tó ń gbé Keta ti ń san tirẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ń fi ilé san án. Àwa tí a ń tan iná, mi ò tíì rí ìwé owó iná, yálà ti Accra, ti Lómé tàbí ti Kọ̀tọ̀nú, tí wọ́n kọ iye yanrìn sí.